Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́ńjìnnì Dá Trélà Lẹ́kun ní Gẹ̀ẹ́rẹ́ Òkè, Kí Bíréèkì Má Baà Jóná

Awakọ̀ tó bá ń kó pákó láti Èkìtì wọ Òṣogbo mọ òórùn kan dáadáa: ó dà bí ìgbà tí rọ́bà àti àkísà bá ń jó pọ̀. Ó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bí trélà bá ti ń ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní ìhà Ẹ̀rìnmọ̀. Bíréèkì ló ń jó. Ẹni tó wà nídìí sítíárì ti gbé ẹsẹ̀ lé e látorí òkè, kò sì tíì gbé e kúrò. Lọ́jọ́ tó bá dára, èéfín lásán ni yóò rú lábẹ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá dára, á tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ á wọlé, ọkọ̀ ò ní dáhùn.

Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lè dá ọkọ̀ lẹ́kun. Wọ́n mọ̀. Àsìkò ló ń ṣì wọ́n lọ́wọ́: eré á ti wọ ọkọ̀ lára tán kí wọ́n tó rántí jíà, jíà ò sì ní wọlé mọ́. Orí òkè ni iṣẹ́ yìí wà. Ohun tó kù ní gẹ̀ẹ́rẹ́ kò ju kéèyàn máa wo aago, kó sì máa lo bíréèkì ẹsẹ̀ ní ìwọ̀nba.

Ẹ fojú inú wo ooru tí à ń sọ. Ọkọ̀ tó jẹ́ 40 tọ́ọ̀nù pẹ̀lú ẹrù, tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó fi 100 mítà ga ju ìsàlẹ̀ lọ, ooru tó gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀ lè mú omi kẹ́ẹ̀gì 25 lítà márùn-ún débi híhó. Bó bá jẹ́ bíréèkì nìkan lẹ gbára lé, inú dírọ́ọ̀mù, irin róbótó tí bíréèkì ń tẹ̀ nídìí táyà, ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá bá a ṣe é, sàlẹ́ńsà àti rẹdiétọ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù lọ jáde.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Ìwọ̀n ẹrù yín lẹ kọ́kọ́ máa mọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò. 600 àpò ti di 30 tọ́ọ̀nù, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò sì tíì sí níbẹ̀. Pákó tútù ló máa ń tan èèyàn jẹ jù: ojú á rí i pé ọkọ̀ ò kún, bẹ́ẹ̀ omi tó wà nínú igi ti sọ ọ́ di ẹrù ńlá. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ kò lè mọ jíà tó máa mú.

Lẹ́yìn ìyẹn:

- Aago rpm (tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) àti aago afẹ́fẹ́ bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́. Bí aago rpm bá ti kú, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó lọ. Fífi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó lórí òkè tí ẹrù ti ń tì yín lẹ́yìn.
- Wẹ́jì mẹ́rin, onígi líle tàbí onírin. Òkúta kì í ṣe wẹ́jì: ó ń yí, ẹ ó sì gbàgbé rẹ̀ sójú títì fún ẹlòmíì.
- C-caution méjì (àmì onígun mẹ́ta tí à ń gbé sójú títì), tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, àti súpánà tó bá orí àjọ́sítà bíréèkì mu (apá irin tí à ń fún kí bíréèkì lè sún mọ́ dírọ́ọ̀mù).
- Ọmọ ọkọ̀ tó gbọ́ràn. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè tó sì fẹ́ fà sẹ́yìn, ó lè sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú wẹ́jì. Ní gẹ̀ẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ rárá. Wẹ́jì tí wọ́n bá jù síwájú táyà ọkọ̀ tó ń sáré kì í dá a dúró; ṣe ló máa fò, ẹni tó jù ú ló sì sún mọ́ táyà jù.

Irú ẹ́ńjìnnì bíréèkì wo lẹ ní?

Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀ látorí kí awakọ̀ rò pé òun ní nǹkan tí òun ò ní.

Ẹ́ńjìnnì dísù tí wọn ò fi nǹkan kan sí lára kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ọkọ̀ lẹ́kun. Ti bẹntiróòlù ń ṣe é dáadáa, nítorí pé bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á pa dé, ẹ́ńjìnnì á máa fà á bí ẹni tó ń mu ẹ̀kọ láti inú igo tí ọrùn rẹ̀ há. Ti dísù kò ní ìlẹ̀kùn yẹn. Afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ohun mìíràn kún un.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń dí sàlẹ́ńsà. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú páìpù èéfín, afẹ́fẹ́ ló ń tì í dé. Èéfín á kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, písítìnnì á sì máa bá a jìjàkadì. Lórí ọ̀pọ̀ Mercedes àtijọ́, bọ́tìnì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì, gìgísẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni èyí tó ń ṣí fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì gan-an, tó ń tú afẹ́fẹ́ dànù lẹ́yìn tí písítìnnì bá ti fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán. Òun ló máa ń dún gbàgbàgbàgbà, tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé trélà ń bọ̀. Síwíìṣì rẹ̀ lè wà lára ọ̀pá ìdí sítíárì tàbí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì lè ní ipele 1, 2, 3.

Lára ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ lè bá bọ́tìnì níbẹ̀ kí ẹ má bá nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀: mẹkáníìkì ti yọ irin pẹlẹbẹ náà nígbà tó há, ó sì fi wáyà so ìyókù. Bọ́tìnì kò dá ọkọ̀ dúró. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó.

Ìpele 1: Àyẹ̀wò abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo

Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi wẹ́jì há táyà níwájú àti lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tú háńbíréèkì.

1. Ẹ tú omi inú táǹkì afẹ́fẹ́ jáde títí tó fi máa ku afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan. Omi tó bá wà níbẹ̀ ń gba àyè afẹ́fẹ́, ó sì ń mú kí fáàfù dógùn-ún.
2. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ kún. Aago á gòkè dé nǹkan bí 125 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), tàbí 8.5 lórí aago tó ń ka bar, ẹ ó sì gbọ́ tí yóò mí "pṣíì".
3. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì. Láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ ju 3 psi lọ fún orí ọkọ̀ (apá tí ẹ́ńjìnnì wà) àti trélà tí wọ́n so pọ̀. Ẹ wá tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan mìíràn: lẹ́yìn ìjá àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ ju 4 lọ.
4. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ máa tẹ bíréèkì léraléra. Kí abẹ́rẹ́ tó kọjá 60 psi sísàlẹ̀, iná ìkìlọ̀ tàbí fèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọjú.
5. Ẹ tún ta ẹ́ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ padà kún, ẹ pa á, kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Háńbíréèkì ṣì wà ní títú. Ẹ fi ọwọ́ fa àjọ́sítà táyà kọ̀ọ̀kan tagbára-tagbára. Níbi tí ọ̀pá ìtì (èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì) ti so mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ rìn ju ínǹṣì kan lọ. Èyí tó bá rìn jù bẹ́ẹ̀, bíréèkì rẹ̀ ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù.
6. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì bíréèkì. Fún èyí tó ń dí sàlẹ́ńsà, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sinmi, kí ẹlòmíì máa wo ọwọ́ irin tó wà lára páìpù: ó gbọ́dọ̀ rìn dópin, kó sì padà fúnra rẹ̀. Lórí àwọn Mercedes àtijọ́, ẹ́ńjìnnì á sábà kú bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí. Àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ti àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń lo kọ̀ǹpútà kì í dáhùn lórí ìdúró. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìpele 2.

Níbi àjọ́sítà yìí gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí. Àwọn kan á fún ti trélà nìkan, wọ́n á ní òun ló wúwo. Àwọn mìíràn á tú ti táyà iwájú sílẹ̀ pátápátá, nítorí wọ́n gbà pé bíréèkì iwájú ló ń dojú ọkọ̀ dé. Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ ti kó iṣẹ́ gbogbo táyà lé díẹ̀ lára wọn lórí, bíréèkì àwọn yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ jóná. Bó bá sì jẹ́ àjọ́sítà tó ń fún ara rẹ̀ lẹ ní, tó sì tún ń tú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má kàn máa fi súpánà fún un léraléra: nǹkan mìíràn ti bàjẹ́ níbẹ̀, búṣìn tàbí àjọ́sítà fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo ojú ibi tí páìpù èéfín ti pàdé ẹ́ńjìnnì. Bí dúdú èéfín bá ti kùn ún yí ká, gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Èéfín tó yẹ kó há sẹ́yìn irin pẹlẹbẹ ń sá gba ibẹ̀ jáde, bíréèkì náà á sì rọ̀ bí bọ́ọ̀lù tó ń jò.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí:* afẹ́fẹ́ dúró, ìkìlọ̀ dún kí ó tó já sí 60, kò sí àjọ́sítà tó rìn ju ínǹṣì kan lọ, ọwọ́ irin ń lọ ó ń bọ̀. Bí ọ̀kan bá kù, ọkọ̀ yẹn ò tíì lè gòkè Ẹ̀fọ̀n.

Ìpele 2: Ìdánwò lórí ilẹ̀ títẹ́jú

Kí ẹ tó dé Iléṣà, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ ò sún mọ́ yín lẹ́yìn. Ẹ sá 40 kìlómítà ní wákàtí, nínú jíà tí aago rpm fi máa wà lókè díẹ̀, kì í ṣe jíà tó kẹ́yìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ má tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ wo iye tí eré fi dín. Ẹ padà sí 40, ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì ẹ tan ẹ́ńjìnnì bíréèkì.

Ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe. Ara yín á tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan di aṣọ yín mú lẹ́yìn. Bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀, ẹ ò ní in. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé ó já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: bó ṣe máa ṣe nìyẹn bí ẹ bá ṣèèṣì gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì ní gẹ̀ẹ́rẹ́. Inú ìlú ò nílò ariwo rẹ̀. Ẹ pa á bí ẹ bá ń wọlé, pàápàá lóru.

Ìpele 3: Lórí òkè, kí imú ọkọ̀ tó tẹ̀

Láti Òṣogbo, ẹ ó gba Iléṣà dé Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti pínyà. Ẹni tó ń lọ á gùnkè wọ Ẹ̀fọ̀n, á tún sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Ìtawúrẹ́. Ẹni tó ń kó pákó bọ̀ ni gẹ̀ẹ́rẹ́ Ẹ̀rìnmọ̀ ń dúró dè. Níbikíbi tó bá jẹ́, ohun kan náà lẹ ó ṣe.

1. Ẹ dín eré kù sí nǹkan bí 15 kìlómítà ní wákàtí nígbà tí ọ̀nà ṣì tẹ́jú. Bí ibi tí ọkọ̀ lè yà sí bá wà, ẹ dúró pátápátá, ẹ yí ọkọ̀ ká, kí ẹ wo táyà àti okùn ẹrù. Pákó tó bá sún síwájú ní gẹ̀ẹ́rẹ́, ilé awakọ̀ ló ń bọ̀ wá bá.
2. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún dé òkè aago.
3. Ẹ mú jíà. Àwọn àgbà awakọ̀ máa ń sọ pé jíà tí a fi gun òkè la fi ń sọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ọkọ̀ ayé ìgbà kan mu. Ẹ́ńjìnnì ìsinsìnyí lágbára láti gun òkè nínú jíà gíga, kò sì le nínú bíi ti àtijọ́, nítorí náà jíà kan sísàlẹ̀ sí èyí tí ẹ fi gùn ún ni kí ẹ mú, ó kéré tán. Fún ọkọ̀ onijíà mẹ́wàá tó kún fún ẹrù lórí òkè tó dà gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4 tàbí 5. Fún Mercedes àtijọ́ onijíà márùn-ún tàbí mẹ́fà, 2 tàbí 3.
4. Ẹ rí i pé jíà wọlé gan-an, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì bíréèkì. Kí gbogbo èyí ti parí kí táyà iwájú tó kọjá orí òkè.

Fíríì, ìyẹn kí ọkọ̀ má wà nínú jíà kankan, ńkọ́? Àwọn awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ sí fíríì ní gẹ̀ẹ́rẹ́ máa ń ní dísù làwọn ń ṣọ́. Wọn ò ṣọ́ nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ yín ò sì sí lórí tọ́rọ́tù, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù á gé dísù kúrò pátápátá. Nínú fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa jó dísù kó má baà kú. Ẹni tó wà ní fíríì ló ń náwó jù, bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ló sì kù fún un. Bí eré bá ti wọ ọkọ̀ lára nínú fíríì, ẹ ò lè fi jíà kankan há a mọ́. Irin á kàn máa ké "krrr", kò ní wọlé.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ní 100 mítà àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gbogbo nǹkan, kí ẹ wo aago rpm. Bó bá dúró lójú kan tàbí tó ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, jíà yín tọ̀nà. Bó bá ń sáré lọ sí àmì pupa, jíà ti ga jù. Ẹ fi bíréèkì ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nísinsìnyí tí ó ṣì tutù, àní kí ó dúró pátápátá, kí ẹ mú jíà kan sísàlẹ̀. Àǹfààní yẹn ò sí mọ́ bí ẹ bá ti rìn jìnnà.

Ìpele 4: Ní gẹ̀ẹ́rẹ́

Ojú yín lórí rpm. Ẹ́ńjìnnì bíréèkì lágbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá. Ní 1,000 kì í ṣe nǹkan kan, lórí ọ̀pọ̀ trélà ìsinsìnyí 1,800 sí 2,000 ni ó ti ń di ọkọ̀ mú dáadáa. Aago mìíràn ní àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi sàmì sí ibi yìí. Ẹ má jẹ́ kí ariwo dẹ́rù bà yín láti yí jíà sókè. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni àmì pupa. Ní gẹ̀ẹ́rẹ́, kì í ṣe dísù ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹrù ni, kò sì sí gọ́fánọ̀ (ohun tó ń dín dísù kù bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ yí jù) tó lè dá ẹrù lẹ́kun. Tí ó bá kọjá àmì pupa, fáàfù lè lu písítìnnì, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, ẹ ó sì pàdánù ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bíréèkì ẹsẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́, báyìí lẹ ó sì ṣe lò ó. Ẹ mú eré kan tí ẹ ò ní kọjá, ká ní 30 kìlómítà ní wákàtí. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kan 30, ẹ tẹ bíréèkì gírígírí, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, títí eré á fi já sí 22. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Ọkọ̀ á tún máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ sí 30. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Kí ló dé tí a ò fi ní kàn gbé ẹsẹ̀ lé e jẹ́jẹ́? Nítorí pé bíréèkì tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé jẹ́jẹ́ kì í ṣiṣẹ́ dọ́gba. Àwọn táyà tí bíréèkì wọn sún mọ́ dírọ́ọ̀mù ló ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, àwọn tó kù ń wò. Títẹ̀ gírígírí ló ń jí gbogbo wọn, àyè tí ẹ sì fi sílẹ̀ láàárín ni afẹ́fẹ́ fi ń tu dírọ́ọ̀mù lára. Ẹ sì máa rántí ohun tí ooru ń ṣe: dírọ́ọ̀mù tó gbóná ń wú, ó ń sá kúrò lọ́dọ̀ láínì tí bíréèkì fi ń há a, ọ̀pá ìtì á máa rìn jìnnà sí i kó tó bá a. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì tó dára lórí òkè fi ń "gùn" bí ẹ bá dé àárín. Títẹ̀ ẹ́ wùyẹ̀wùyẹ̀, àtẹ̀-gbé-àtẹ̀-gbé, burú ní tirẹ̀: afẹ́fẹ́ lẹ ń jẹ tán.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀pá kékeré tó ń mú bíréèkì trélà nìkan, lórí ọkọ̀ tó bá ní in. Àwọn kan máa ń fi gbogbo gẹ̀ẹ́rẹ́ dì í mú. Bíréèkì trélà á jóná, ti orí ọkọ̀ á tutù nini, wọn ò sì ní mọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yí jíà lójú ọ̀nà: bíréèkì ẹsẹ̀ kọ́kọ́, kí eré já sí ti jíà tí ẹ fẹ́, pa ẹ́ńjìnnì bíréèkì, yí jíà, tan án padà. Ẹ má yí jíà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bíréèkì ń ṣiṣẹ́, yóò fa rpm wálẹ̀ kí ẹ tó bá a.

Ọ̀rọ̀ ìkánjú: láti sọ̀ kalẹ̀ 100 mítà ní òkè tó ń já mítà 8 nínú 100, ọ̀nà tí ẹ ó rìn jẹ́ 1,250 mítà. Ní 25 kìlómítà ní wákàtí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ní 50, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Èrè gbogbo eré yẹn nìyí: ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Agbára tí bíréèkì máa gbà láti dá ọkọ̀ dúró ní 50 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 25. Ẹni tó bá ń fun fèrè lẹ́yìn yín lè yà kọjá.

Òjò, àti trélà òfìfo

Ibi kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì bíréèkì ti lè di ọ̀tá nìyí. Táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lára orí ọkọ̀ nìkan ló ń dá lẹ́kun. Trélà ò mọ̀ sí i. Bí títì bá tutù tí ọkọ̀ sì ṣófo, àwọn táyà yẹn lè há tàbí yọ̀, trélà á máa tì wọ́n, orí ọkọ̀ á sì ká sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀bẹ onípàdé. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù ní ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ po pọ̀ mọ́ epo tó wà lójú ọ̀dà.

Nínú òjò, ẹ mú jíà kékeré, ẹ rọra wá sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì bíréèkì wà ní ipele 1 tàbí kó wà ní pípa. Bí ìdí orí ọkọ̀ bá ti fẹ́ gbọ̀n, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì gbàá, ẹ tọ́ sítíárì sí ojú ọ̀nà.

Fún ẹni tó ń fi Hilux tàbí jíìpù fa trélà kékeré

Jẹnẹrétọ̀ lórí trélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí táǹkì omi: òfin kan náà ni, ṣùgbọ́n bíréèkì yín ń lo epo, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Epo bíréèkì DOT 3 tuntun ń hó ní 205°C, DOT 4 ní 230°C. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀ tó sì ti fa omi mọ́ra lè hó ní 140 tàbí 155. Bó bá hó, èéfín ló wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ yín á sì lọ sílẹ̀ ṣọọ. Ẹ pààrọ̀ epo kí ẹ tó ronú nípa òkè.

Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, D kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pa O/D (jíà tó ga jù), kí ẹ sì fà á sí 2 tàbí L (jíà kékeré) lórí òkè, kì í ṣe ní àárín. Ẹ di ẹrù kí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú 100 ìwúwo trélà wà lórí ìkọ́. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn jù, trélà á máa ju ìdí bí ẹja. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ di sítíárì mú gbọnin, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì tẹná láti "fà á tọ́".

Bí bíréèkì bá já

Ẹ má fi sí fíríì. Ẹ má tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì: sítíárì á le, ẹ̀rọ tó ń ṣe afẹ́fẹ́ á dúró, ohun tó ṣì ń dá yín lẹ́kun á lọ.

Ẹ́ńjìnnì bíréèkì dé ìpele tó ga jù, fèrè, iná. Ẹ fa háńbíréèkì díẹ̀díẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀pá. Bó bá jẹ́ bọ́tìnì tí à ń fà, ẹ mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló máa dì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ọ̀nà tó ń gòkè, iyanrìn, tàbí igbó tó rọ̀. Bí kò bá sí, ìhà ibi tí òkè wà ni kí ẹ fi ara ọkọ̀ ha, kì í ṣe ìhà àfonífojì. Ẹ tètè pinnu. Mítà 200 àkọ́kọ́ ni eré ṣì kéré.

Ìpele 5: Ní ìsàlẹ̀

Ẹ má dúró lójijì. Ẹ fi jíà rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí dírọ́ọ̀mù, kí ẹ tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wẹ́jì kọ́kọ́, C-caution lẹ́yìn.

Ẹ yí ọkọ̀ ká, kí ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ máa wá èyí tó yàtọ̀. Èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ ń fà: bíréèkì rẹ̀ ò tú tán. Ṣùgbọ́n èyí tó tutù ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Táyà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n tó sì tutù kò ṣe iṣẹ́ kankan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù tirẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí mẹkáníìkì yín ní Òṣogbo tú u wò kí ẹ tó tún gbé ẹrù mìíràn.

Bí èéfín bá ń rú, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọkọ̀ á ti fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láti dà á sí i. Ẹ dá a dúró: dírọ́ọ̀mù gbígbóná tí omi tútù bá kàn ń sán.